Àgbò Ìkómọ Tó Jẹ Gàrí Wa

Nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré ní Agblangandan, lẹ́bàá Kútọnu, omi kì í tọrọ àyè kó tó wọlé. Bí òjò bá ti rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ọ̀pọ̀lọ́ ni yóò kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà bàtà ẹni tí a kò mọ̀ rí, lẹ́yìn náà omi fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Kútọnu á mọ ohun tí mò ń wí. Ṣùgbọ́n ọdún kan wà tí omi lé gbogbo agboolé wa gun orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí onílé ò tíì kọ́ parí. Ọ̀rá ńlá kan tí a ta mọ́ irin ni òrùlé wa, omi òjò tí àwa ọmọdé ń fi bàsíà gbè là ń mu.

Músíyè là ń pe onílé wa, nítorí ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Ganhi, láàárín ìgboro Kútọnu, Faransé ló sì fi ń bú wa. Òun àti Àfáà, télọ̀ ará Ṣakété tí yàrá rẹ̀ kángun sí tiwa, kì í rí ara wọn kí wọ́n má jà lórí okùn ìsáṣọ. Ìyàwó Àfáà, Sìkírá, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Nígbà tí omi dé, Àfáà fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀, àgbò tó rà de ìkómọ ló ń fà gun òkè. Àwa ọmọdé ń ti ìdí àgbò lẹ́yìn, àgbò sì ń ṣu sí wa lọ́wọ́.

Ìyá ìyá mi, Màmá Àgbà, ará Pobè tí ojú ẹnikẹ́ni kì í bà lẹ́rù, ló ṣòfin. Ìkòkò kan ṣoṣo la ó máa gbé kaná. Sìkírá ni yóò kọ́kọ́ jẹun nítorí ọmú, ọmọdé á tẹ̀ lé e, ọkùnrin á jẹ èyí tó bá kù. Ẹni tó bá jẹun ní kọ̀rọ̀, ohunkóhun tó bá ní di ti gbogbo wa.

Músíyè ló kọ́kọ́ rú u. A ṣàdédé ń gbóòórùn sadíìnì lábẹ́ aṣọ ìbora rẹ̀. Àfáà ló pariwo jù. "Òfin ò mọ onílé," ló ń wí bó ti ń tú àpò ọkùnrin náà. Sadíìnì wọ ìkòkò, Màmá Àgbà sì ní kí Músíyè kúnlẹ̀, kó na ọwọ́ sókè bí àwa ọmọdé. Mo ti láyọ̀ láyé mi, ṣùgbọ́n èyí tó tó ti ọjọ́ yẹn kò pọ̀.

Nígbà tó yá, ó ku gàrí díẹ̀ nísàlẹ̀ àpò. Ọmú Sìkírá ń gbẹ. Ọmọ á fà á títí, á sunkún títí ohùn rẹ̀ fi ha. Ẹ̀rù bà wá gidi, àwàdà tán lẹ́nu wa. Gbogbo wa wá ń wo àgbò. Àfáà ní ọjọ́ kẹjọ kò tíì pé, a kì í pa àgbò ìkómọ ṣáájú ìkómọ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ bá bàbá ọmọ fa ìyẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àgbò já okùn, ó ki orí bọ àpò gàrí, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì ń jẹ àpò náà lọ. Màmá Àgbà jókòó sórí búlọ́ọ̀kù bí adájọ́.

"Àfáà, ta ló jẹun ní kọ̀rọ̀?"

"Àgbò ni, Màmá."

"Kí ni àgbò ní?"

Àfáà họ orí. "Kò ní ju ẹran ara rẹ̀ lọ."

"Òfin tí ò mọ onílé, ṣé ó wá mọ àgbò ni? Gàrí wa ló wà níkùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ mú un."

Omijé wà lójú Àfáà bó ti ń pa á. Músíyè fọ́ pákó tó fẹ́ fi ṣe ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, ó fi dáná. Sìkírá ló kọ́kọ́ mu omi ẹran náà, ó mu ún gbóná gbóná. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, ọmọ mu ọmú yó, ó sùn, ìyá rẹ̀ sì bú sẹ́kún. A yan orí àgbò pa mọ́ di ọjọ́ kẹjọ, orí òkè níbẹ̀ náà la ti sọ ọmọ lórúkọ. Músíyè ló gbé e lọ́wọ́.

Lónìí, mo ti kọ́lé tèmi sí àdúgbò yẹn. Ògiri ga, àfọ́kù ìgò wà lórí rẹ̀, oníkálùkù ló ní ìkòkò tirẹ̀ àti òkè ilé tirẹ̀. Omi tún dé lásìkò òjò tó kọjá. Mo gun òkè ilé mi, aládùúgbò mi náà gun tirẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Mo kígbe bi í bóyá àwọn ọmọ ti jẹun. Ó gbé fóònù sókè láti yà mí ní fọ́tò, ó ní kí n rẹ́rìn-ín.