Ẹ̀dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Àbọ̀

Òkìkí kan ń jà ní abúlé Kuzunari nígbà náà pé Ọ̀gbẹ́ni Àbọ̀ ń jẹ ẹ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí kò bá gbálẹ̀ kí wọ́n tó kúrò ní ilé-ìwé. Bí wọ́n ṣe bí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, ọmọ jòjòló lásán. Nígbà tó fi máa dé ṣọ́ọ̀bù Fumiyo tó ń gẹ irun, ó ti hu eyín: ẹ̀dọ̀ mẹ́ta ló ń jẹ lójúmọ́, ó sì ń fi ìrẹsì tì í. Nígbà tó dé ilé ìwẹ̀ gbogbogbò, ó ti gbé ìyàwó: wọ́n ní obìnrin kan wà nínú yàrá orin, òun ló ń bá a sè é. Kó tó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà tó ń yá oòrùn níwájú tẹ́ḿpìlì, Ọ̀gbẹ́ni Àbọ̀ ti ń sáré ju ọkọ̀ ojú irin lọ.

Ère ni Ọ̀gbẹ́ni Àbọ̀, ère tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní ohun tó wà nínú ara ènìyàn. Páálí tí wọ́n pò mọ́ lẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀. Ohun inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi símẹ́ńtì funfun mọ, irú èyí tí dókítà fi ń di ẹsẹ̀ tó kán. Apá ọ̀tún rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin dáadáa: awọ ń dán, irun yà sí méjì, ẹnu ń rẹ́rìn-ín díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń ya ní fọ́tò ìwé ìrìnnà. Apá òsì ni ọ̀ràn wà. Wọ́n ti bó awọ ibẹ̀ kúrò. Iṣan pupa ni, eyín láìsí ètè, ojú róbótó tí kò ní ìpéǹpéjú. Ojú yẹn kò pa dé rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti tú u nínú àpótí. Ibi yòówù tí ènìyàn bá sá sí nínú yàrá sáyẹ́ǹsì, ojú náà á ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Àyà àti ikùn rẹ̀ ṣí bí àpótí. Kò sẹ́ni tó ka ìwé ní Kuzunari tí kò gbé ọkàn rẹ̀ lọ́wọ́ rí. Àlùfáà Ryoken, nígbà tó wà lọ́mọdé, ti fi kíndìnrín rẹ̀ sọ ẹnìkejì rẹ̀ lókò. Moriwaki, tó padà di alága àdúgbò, ti jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ já bọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀dọ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í gbé. Ibi tó yẹ kó wà, ihò dúdú ni.

Ẹni tó mọ ihò náà ju gbogbo ayé lọ ni Nobue. Opó ni, tófù, wàrà tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, ló ń ṣe tó ń tà, ilé rẹ̀ sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Ìlú mìíràn ni wọ́n ti gbé e wá fún Tokuji ọkọ rẹ̀. Ìyàwó tuntun ni nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ mú un wọ ilé ìdáná, tó fi àgbá igi kan hàn án. Inú àgbá náà ni wọ́n ti ń fi iyọ̀ pa daikon, gbòǹgbò funfun tó sanra bí apá géńdé. Òkúta kan tẹ ìdérí rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Má fi òmíràn pààrọ̀ òkúta yìí láé," ni ìyá náà wí. "Òun àti ìdérí yìí, àfi bí ẹni pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí wọn."

Òkúta náà pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ń dán, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì fẹ́lẹ́. Gbogbo abúlé ló ń jẹ daikon inú àgbá yẹn, ó sì dùn débi pé ọkùnrin kan jẹ ẹ́ níbi ìsìnkú bàbá rẹ̀, ó gbàgbé ẹni tó kú.

Ọjọ́ tí wọ́n pe àwọn òbí àti aládùúgbò wá wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ni Nobue rí ihò. Ó wo ihò, ó rántí òkúta, ara rẹ̀ sì tutù bí omi kànga. Nígbà tó délé tó bi Tokuji, ilẹ̀ ni ọkùnrin náà ń wò.

"A wà lọ́mọdé ni," ó ní. "Ìgbà ooru ni. À ń dán ara wa wò, ta ló láyà. Kálukú á dá wọ yàrá sáyẹ́ǹsì ní ìrọ̀lẹ́, á mú nǹkan jáde. Àwọn yòókù mú ẹfun ìkọ̀wé."

"Ìwọ wá mú ẹ̀dọ̀."

"Mo fẹ́ dá a padà. Màmá ti gbé e lé àgbá kí n tó jí."

Ta ló fẹ́ gbé òkúta kúrò lórí àgbá ìyá Tokuji? Ìyá náà kú, Tokuji náà tẹ̀lé e tòun ti ìtìjú rẹ̀, àgbá kò sì yé dùn.

Ìgbà tó yá, ọmọ tán ní Kuzunari. Wọ́n ní kí wọ́n ti ilé-ìwé pa. Alága Moriwaki pe ìpàdé. Ọkùnrin yìí, ọrùn rẹ̀ máa ń yí sẹ́yìn lójijì bí ẹni tí wọ́n pè. Àwọn ènìyàn rò pé irọ̀rí ni kò bá a lára mu. Wọ́n pín àga, wọ́n pín tábìlì, ó wá kan Ọ̀gbẹ́ni Àbọ̀.

"Ohun tó bá ti ní ojú, a kì í jù ú sí ààtàn," ni Alága wí, gbogbo wọn sì mi orí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe fún bèbí tó ti gbó ni wọ́n máa ṣe fún un: wọ́n á gbé e lọ sí tẹ́ḿpìlì lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àlùfáà á gbàdúrà, wọ́n á sì fi iná sìn ín lọ. Wọ́n ti ní kí wọ́n di oúnjẹ sí páálí fún ilé kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé ẹnikẹ́ni ti bi í?" ni Nobue sọ.

"Bi ta?"

"Ọ̀gbẹ́ni Àbọ̀."

Fumiyo fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá Onítófù, ẹ bá wa bi í. Tó bá lóun á fẹsẹ̀ ara òun rìn lọ, ẹ̀yìn wa á sinmi ẹrù."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Nobue ń da omi tófù nù nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀. Kò dún bí ẹsẹ̀ ènìyàn. Ó dún bí ẹni ń fi páálí òfìfo kanlẹ̀, pó, pó, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ tí wọ́n ń bọ́ bàtà. Ó yọjú. Bàtà funfun tí wọ́n ń wọ̀ nínú ilé-ìwé ni, wọ́n ti tò ó, imú rẹ̀ kọjú síta, bí ẹni tí wọ́n kọ́ nílé ṣe ń tò ó. Ẹni tó bọ́ ọ kò sí níbẹ̀. Ó ti wà nílé ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá, apá òsì rẹ̀ ló kọ sí Nobue.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ìyàwó Tokuji." Ohùn náà gbẹ bí ìwé tí wọ́n ń ṣí. "Ẹ má bínú pé mo yọ yín lẹ́nu. Mo ní kí n yà wò ó, bóyá ẹ ti lo nǹkan mi tán."

Nobue fẹ̀yìn rìn títí ó fi kan ògiri. Ṣùgbọ́n ẹnu ọlọ́jà kì í kú ṣáájú ọlọ́jà.

"Kò tíì tán," ó ní. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pa daikon tuntun ni. Tí mo bá gbé e báyìí, á bàjẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọdọọdún ni mo máa ń dé ẹnu ọ̀nà yín, mo máa ń gbọ́ tí ẹ ń da iyọ̀ sí i, mo sì máa ń padà."

Nobue ronú gbogbo ọdún tó ti ń dá da iyọ̀ nílé yẹn, tó rò pé òun nìkan ló wà níbẹ̀.

"Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n fẹ́ sun yín," ó wí.

"Mo gbọ́."

"Ṣé ẹ fẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"N kò fẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kí wọ́n di oúnjẹ."

"Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò fẹ́."

"Mo gbìyànjú. Ó dé ọ̀fun mi, ó padà. Ẹni tí kò ní ẹ̀dọ̀, kí ló fẹ́ fi sọ pé rárá?"

Nobue lóye rẹ̀. Ní ilẹ̀ wọn, inú ẹ̀dọ̀ ni ìgboyà ń gbé. Ọmọ tí kò bẹ̀rù, wọ́n á ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tóbi. Ọ̀gbẹ́ni Àbọ̀ tẹrí ba, ó lọ wọ bàtà rẹ̀. Nobue di òkúta náà mú. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, kò gbé e. Tó bá gbé e jáde, gbogbo Kuzunari ló máa mọ̀ pé olè ni Tokuji, wọ́n á sì mọ ohun tó ń tẹ daikon wọn mọ́lẹ̀ láti ìgbà ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú pé. Oòrùn mú, wọ́n to bèbí sí ìlà níwájú tẹ́ḿpìlì, gbogbo wọn kọjú sí igi ìdáná. Ọ̀gbẹ́ni Àbọ̀ ló wà láàárín, wọ́n ti fi kóòtù bo ìhòòhò rẹ̀. Alága ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń yí ọrùn wo ẹ̀yìn, ó tún ń dúpẹ́. Ojú òsì náà kò kúrò lára iná tó wà lọ́wọ́ àlùfáà. Nobue gba àárín èrò kọjá tòun ti ẹrù inú aṣọ, iyọ̀ ń rùn lára rẹ̀.

"Ìyá Onítófù, ẹ̀yìn ni wọ́n ń kó oúnjẹ sí," ni Fumiyo sọ.

"Kì í ṣe oúnjẹ." Nobue tú aṣọ náà. "Tokuji ọkọ mi ló jí i nígbà tó wà lọ́mọdé. Orí àgbá wa ló wà látìgbà náà. Gbogbo yín lẹ ti jẹ níbẹ̀."

Fumiyo rọra yọ daikon tó wà lẹ́nu rẹ̀. Nobue ṣí kóòtù, ó ti ẹ̀dọ̀ bọ inú ihò. Ó ró kọ́. Ọ̀gbẹ́ni Àbọ̀ kò mira.

"Ó ti pé pérépéré," ni Àlùfáà Ryoken wí jẹ́jẹ́. "A lè sìn ín lọ wàyí." Ó na iná síwájú.

Ìgbà náà ni Nobue rí àwọn bèbí. Atẹ́gùn kò fẹ́, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò kọjú sí igi ìdáná mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Àbọ̀ ni gbogbo wọn ń wò.

"Ẹ káàsán o, gbogbo ilé," ni ohùn gbígbẹ náà wí. "Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí oúnjẹ yín tutù nítorí mi."

Iná bọ́ lọ́wọ́ àlùfáà sínú yanrìn. Ère náà tẹrí ba. Alága tẹrí ba padà kó tó rántí ẹni tó ń kí.

"Mo ti ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. N kò jẹ ẹ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni, tèmi ni mo ń wá kiri. Obìnrin inú yàrá orin, àwòrán ara ògiri ni, ìkíni lásán ló wà láàárín wa. N kò sì sáré rí, a kì í sáré ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ìwé. Ní ti iná yìí, ẹ ṣeun púpọ̀, rárá. Ìyàwó Tokuji, iyọ̀ ti ọdún yìí pọ̀ jù."

Ojú òsì rẹ̀ yí, ó wá Alága kàn.

"Àwọn ọmọ tí kò gbálẹ̀ ńkọ́? N kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ̀yìn wọn ni mo máa ń dúró sí títí wọ́n á fi gbá a. Moriwaki, igun abẹ́ fèrèsé yẹn, ìwọ ò tíì gbá a títí dòní."