Èdìdì Orí Ìkòkò Ẹran

Yẹ̀kínì, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ní Peckham, lè fara da ohun gbogbo láyé yìí, àfi kí ẹran dín nínú ìkòkò. Ẹran ilé rẹ̀ sì ń dín. Ó dá a lójú pé Roqeeb, àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, ni olè. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ó ti fẹ́ lé e jáde, ẹ̀rí ló kù.

Ní ọjà Bermondsey, ó ra òrùka kan tó ní òkúta pupa, tí wọ́n gbẹ́ àkùkọ kékeré sínú òkúta náà. Ẹni tó tà á ní irú rẹ̀ làwọn ará Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́ fi ń ṣe èdìdì: wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìda tàbí amọ̀ tútù lórí ìdérí, kí ẹrú má baà jí oúnjẹ jẹ. Inú Yẹ̀kínì dùn dẹ́yìn. Àṣé ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń jí ẹran!

Kò ní ìda, kò ní amọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀bà wà nílé. Ó lẹ ẹ̀bà mọ́ etí ìdérí ìkòkò, ó fi òrùka tẹ̀ ẹ́. Àkùkọ yọ síta, ó nàró ṣánṣán.

"Roqeeb, ọjọ́ tí seal yìí bá yí padà, kó ẹrù ẹ."

"Uncle, I swear, mi ò tiẹ̀ like ṣàkì."

Roqeeb lọ síbi iṣẹ́ alẹ́. Nígbà tó di àsùbáà, Yẹ̀kínì bọ́ òrùka sẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì, ó ṣe àlùwàlá, ó lọ kírun. Nígbà tó padà dé ìdí ìkòkò, èdìdì wà digbí, ṣùgbọ́n àkùkọ ti dorí kodò, ó na ẹsẹ̀ sókè bí èyí tí wọ́n fẹ́ yan. Ó ṣí ìdérí: ẹran tó tóbi jù ti lọ. Bẹ́ẹ̀, Roqeeb kò tíì ti ibi iṣẹ́ dé.

Ó yíjú padà. Hàlímọ̀tù ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rún ẹran lẹ́nu.

"Hàlímọ̀tù! Ìwọ?"

"Èmi ni. Bàbá Mùínàt, ta ló ra ẹran yẹn? Ta ló sè é? Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ yín, ẹ ò bi mí rí bóyá èmi náà jẹ ẹran. Ẹ wá ń fi àkùkọ ṣọ́ mi nínú kitchen mi."

Ojú ti Yẹ̀kínì gan-an. Kò rántí ọjọ́ kan tó wo àwo obìnrin náà.

Nígbà tí Roqeeb wọlé, ó rí ẹ̀bà tuntun létí ìdérí, ó sì ń wojú ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Uncle, ṣé kí n pack ni?"

"Jókòó," ni Yẹ̀kínì wí. Òrùka ti wà ní àtàǹpàkò Hàlímọ̀tù. "Bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n ẹ kó ṣí ìkòkò fún wa."