Igi Ọsàn Ẹ̀yìn Ahéré

Ọlọ́sàn kan ń bó ọsàn l'Ọ́jà'ba láàárọ̀ yìí. Òórùn èèpo rẹ̀ mú mi rántí ọwọ́ ìyá mi lóko, lọ́sẹ̀ tí a sin bàbá mi.

Àbúrò bàbá mi nawọ́ sí igi ọsàn kékeré tí ìyá mi gbìn sẹ́yìn ahéré.

"Ìyàwó wa, àgbàdo ni kó o máa gbìn. Hú eléyìí."

"Mo ti gbọ́, ọkọ mi."

Inú mi dùn, torí mo fẹ́ràn àgbàdo. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé àlejò lè gbin àgbàdo, ṣùgbọ́n onílẹ̀ ló ń gbin igi.

Ìyá mi fọwọ́ hú igi náà tòun terùpẹ̀. Ó gbé e sínú agolo, ó rù ú dé ilé tí a háyà yàrá sí ní Bẹ́yẹrúnká. Sìmẹ́ńtì ni gbogbo àgbàlá ibẹ̀.