Bọ́kẹ́ẹ̀tì Èèpo Ìyá Onílé

Bí mo bá ti ń bẹ iṣu, ohùn ìyá onílé wa ní Àmúkòkò máa ń dún létí mi: "Ẹ má da èèpo nù o, oúnjẹ ilẹ̀ ni." Láràárọ̀, wọ́n á gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì láti yàrá dé yàrá, wọ́n á gba èèpo, wọ́n á dà á sínú ògbólógbòó táyà tírélà, wọ́n á bu erùpẹ̀ lé e. Tó bá ti jẹrà tán, wọ́n á gbin tẹ̀tẹ̀ sí i. Kò sí yàrá tí wọn ò mọ ohun tó sè.

Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá wa ní èbúté Tin Can, ojú ń ti ìyá mi pé kò sí èèpo nílé. Ló bá lọ tọrọ ti ìyá tó ń ta dùndú níta. Ìyá onílé wo bọ́kẹ́ẹ̀tì tó kún dẹ́nu, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Ìbejì, ogún iṣu lẹ jẹ lánàá?"

Ìyá mi yára wọlé.

Nírọ̀lẹ́, ìyá onílé gbé gàrí àti tẹ̀tẹ̀ wá bá wa. "Èèpo yín àtijọ́ ló hù yìí, ẹ gba tiyín. Ti ìyá onídùndú ṣì ń jẹrà lọ́wọ́."