Alhaji Garba, Ẹyẹ àti Lẹ́ǹsì Mẹ́ta

Bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Alhaji Garba ní àdúgbò Fate n'Ílọrin, ọjọ́ tí àwọn ọdẹ mú un lọ́nà Malete ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ. Hadiyyah, ọmọ rẹ̀, wà nínú ṣọ́ọ̀bù oògùn rẹ̀ nígbà tí fóònù dún.

"A mú bàbá kan nínú igbó pẹ̀lú ìbọn gígùn. Ó ní ìwọ ni ọmọ òun."

Láyé ìjínigbé yìí, ọdẹ kì í bi ẹni tó ba sínú igbó ní ìbéèrè méjì. Hadiyyah ti ṣọ́ọ̀bù, ó wọ mọ́tò, ó ń ṣe àdúà títí tó fi dé abúlé àwọn ọdẹ náà. Abẹ́ igi máńgòrò ló bá bàbá rẹ̀. Wọn ò dè é. Àga ló jókòó lé, àwọn ọdẹ tò síwájú rẹ̀ bí ọmọ iléèwé, olórí wọn sì fojú lé ìdí kámẹ́rà, ó ń fi lẹ́ǹsì gígùn tí Alhaji fi aṣọ aláwọ̀ ewé wé wo ọ̀kánkán.

"Ẹ dì í mú dáadáa," ni Alhaji ń wí. "Ẹ má mí."

"Alhaji, mo rí ewúrẹ́ mi," ni olórí ọdẹ wí. "Ẹ̀yìnkùlé Mohammed ló so ó mọ́."

Hadiyyah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá rẹ̀ wò ó. "O mà pẹ́ o. Gbogbo ẹyẹ ti fò lọ."

Tíṣà jọ́gíráfì ni Alhaji. Ọ̀sẹ̀ tó fẹ̀yìn tì ló ra kámẹ́rà, ó ní òun fẹ́ ya gbogbo ẹyẹ tó wà láti Ìlọrin dé Malete. Kò sí ohun èlò tí kì í dán wò fúnra rẹ̀. Ó dán ẹsẹ̀ kámẹ́rà wò nínú ẹrẹ̀ odò Asà. Ẹsẹ̀ náà rì, òun náà rì tẹ̀lé e dé orúnkún. Nígbà tí àwọn apẹja na ọwọ́ sí i, kámẹ́rà ló kọ́kọ́ gbé fún wọn.

Ó tún fi koríko hun àgọ́ kan tí yóò máa ba sí. Lẹ́yìn wákàtí méjì tó ti wà nínú rẹ̀ jẹ́ẹ́, agbo màlúù dé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àgọ́ náà láti orí òrùlé. Ó délé láìní àgọ́, ó sọ fún Asabe ìyàwó rẹ̀ pé, "Iṣẹ́ mi dára. Màlúù gan-an ò mọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀."

Akínwálé tó ń ta kámẹ́rà nítòsí Ọ̀fà Garage ló jìyà lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Láàárín oṣù kan, Alhaji dá lẹ́ǹsì mẹ́ta padà fún un.

"Bàìbàì ló ń yà á."

"Alhaji, mo ti fi yàwòrán. Ó mọ́ kedere."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ bá mi wo ẹyẹ ni?"

Nígbà tí òun àti Hadiyyah mú ìkẹta wá, Akínwálé gbé àwòrán tí Alhaji yà sórí kọ̀ǹpútà, ó ní kí Hadiyyah wá wò ó. Agbe ni, ìyẹ́ rẹ̀ ṣeé kà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá, kí lẹ rò nípa ẹyẹ yìí?"

"Ẹyẹ wo?" ni Alhaji bi í.

Hadiyyah mú un lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Dókítà ní awọ ti bo ẹyinjú méjèèjì. Àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, kí wọ́n fi lẹ́ǹsì tuntun sínú rẹ̀. Alhaji, tó ti sorí kọ́, gbé orí sókè.

"Ṣé mo lè dán an wò fún ọjọ́ mẹ́ta ná?"

"Alhaji, èyí kò ṣeé dá padà."

"Ilé-iṣẹ́ wo ló ṣe é?"

Asabe ò fi bẹ́ẹ̀ sùn lọ́sẹ̀ náà. Ọjọ́ tí wọ́n tú aṣọ ojú ọkọ rẹ̀, iwájú rẹ̀ gan-an ló dúró sí. Alhaji wò ó títí.

"Asabe, o ti hu ewú."

"Ó ti pé ọdún mẹ́fà."

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

Hadiyyah kọjú sí ògiri, ó ń wí pé "Alihamudu lilahi" léraléra. Bí wọ́n ṣe jáde, Alhaji ní kí wọ́n gba ọ̀dọ̀ Akínwálé kọjá. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tọ̀yàyàtọ̀yàyà. "Mo wá sọ fún ọ ni," ló wí. "Lẹ́ǹsì rẹ ti sàn."

Ó lo ọdún kan àti oṣù méjì sí i, ó sì rí gbogbo rẹ̀ kedere. Lẹ́yìn ìrun aláásárì ọjọ́ Àlàmísì kan ló sùn tí kò jí. Níbi àdúà fìdáù rẹ̀, ìtàn màlúù mú Asabe rẹ́rìn-ín títí ìbòrí rẹ̀ fi ṣí. Hadiyyah, tó ti ń bẹ̀rù pé ilé náà kò ní ṣeé gbé mọ́, mí kanlẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé tíì jáde sẹ́yìnkùlé. Àwọn ẹ̀gà ń pariwo lórí ọ̀pẹ. Asabe wá dúró tì í.

"Akọ ni èyí tí orí rẹ̀ dúdú yẹn," ni Asabe wí. "Òun ló ń hun ìtẹ́."

"Mo mọ̀, Màámi."

Wọ́n wò wọ́n títí tíì fi tutù.