Òkú Tó Wọ Súwẹ́tà

Ẹ̀jẹ̀ SS ni ọmọ mi obìnrin ní. Bí òtútù bá mú un, eegun á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, nígbà mìíràn ẹsẹ̀, nígbà mìíràn ẹ̀yìn, títí tí a ó fi gbé e lọ sí ọsibítù. Nítorí náà, bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, èmi kì í dúró kí òjò kán kí n tó mọ ohun tí mo máa ṣe. Súwẹ́tà wà nínú báàgì mi, ìbọ̀sẹ̀ wà níbẹ̀, fúláásì omi gbígbóná wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rá ńlá kan, irú èyí tí a fi ń bo ẹrù ní ilé-iṣẹ́ wa ní Sàngó. Etí kan ló ya lára rẹ̀ tí ọ̀gá wa fi ní kí n máa mú un lọ.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Ọ̀tà fẹ́ ṣe eré ní pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí wa. Ọmọ mi wà lára wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń dánra wò ni mo ti ń bi í ní ohun tí wọ́n fún un ṣe.

"Mọ́mì, mo kàn máa dùbúlẹ̀ ni."

"O ò ní sáré?"

"Mi ò ní sáré."

"O ò ní jó?"

"Mọ́mì, mo ní mo máa dùbúlẹ̀!"

Ọkàn mi balẹ̀. Kí ló tún dára ju ìyẹn lọ fún ọmọ tí dókítà ní kò gbọdọ̀ lo ara rẹ̀ jù?

Bàbá rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Àgbára, èmi nìkan ni mo lọ. Mo jókòó sí ìlà iwájú, níbi tí mo ti lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyá àgbà kan, ọmọ bíbí Ọ̀tà, jókòó tì mí, ó fi agbòjò lé itan.

Eré bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé òkú ìyàwó tuntun jáde lórí ẹní, wọ́n tẹ́ ẹ sí àárín pápá. Ọmọ mi ni. Aṣọ funfun fẹ́lẹ́ ló wà lára rẹ̀, kò wọ bàtà. Mi ò mọ̀ pé irú ìdùbúlẹ̀ tó ń wí nìyẹn.

"Ọmọ ta ni òkú yìí?" ni ìyá àgbà náà bi mí. "Ó mọ̀ ọ́n kú gan-an o."

"Ọmọ mi ni, mà."

Ó wò mí, ó wo ọmọ náà. "Háà! Ẹ̀mí ẹ̀ á gùn."

"Àmín, mà."

Ẹni tó ń ṣe bàbá òkú ń sunkún lọ́wọ́ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́. Mo rò pé wọ́n máa dáwọ́ dúró. Wọn ò dáwọ́ dúró. Àwọn èèyàn dìde, wọ́n gbé àga ike wọn dé orí, wọ́n sì ń wòran lọ. Bàbá òkú rí i pé ẹkún òun dùn mọ́ wọn, ló bá tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn:

"Bàbá, ẹ yára sunkún, òjò ń pa òkú yín!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ ọmọ mi ni mò ń wò. Mo rí i tí ó ká ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé. Ó ń gbìyànjú kó má gbọ̀n.

Mo fa ọ̀rá yọ, mo dìde. Ìyá àgbà náà di aṣọ mi mú.

"Ibo lò ń lọ?"

"Mo fẹ́ lọ bò ó, mà. Ẹ̀jẹ̀ SS ló ní, kò gbọdọ̀ tutù."

"Ìwọ tí o bí i? Ìyá kì í bo òkú ọmọ ẹ̀."

"Eré ni, mà."

"Mo mọ̀ pé eré ni. Jókòó. Mú ọ̀rá yẹn wá."

Èmi náà mọ èèwọ̀ yẹn. Ní ìlú wa ní Ọ̀ṣun, bí ọmọ bá kú, wọn kì í jẹ́ kí àwọn òbí rẹ̀ dé ibẹ̀. Síbẹ̀, ká ní kò dì mí mú ni, mo ti lọ. Mo na ọ̀rá sí i.

Ó tú u bí ẹni tó ń tú aṣọ òkè, ó rìn wọ inú pápá, ó gbóhùn sókè: "Ẹ̀yin ará ilé ìyàwó, àwa ará ilé ọkọ ti dé o! Aṣọ tí a fẹ́ fi bo ìyàwó wa rèé!"

Ta ni kò mọ̀ pé àna máa ń mú aṣọ wá fún òkú? Gbogbo èèyàn gbà pé ó wà nínú eré. Ó bo ọmọ mi dé ọrùn, ó kọjú sí àwọn tó gbé e jáde.

"Ẹ gbé e wọlé! Ṣé inú òjò lẹ ti ń tẹ́ òkú nílé tiyín ni?"

Wọ́n wo tíṣà tó kọ́ wọn ní eré. Tíṣà juwọ́ sí wọn pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí kíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá.

Mo ti dé ibẹ̀ kí wọ́n tó sọ ẹní kalẹ̀. Mo lé wọn jáde, mo nù ún, mo wọ súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀ fún un, mo fún un ní omi gbígbóná. Ẹkún ló ń sun.

"Mọ́mì, mo ṣì máa jí! Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ! Èmi ni mo máa parí eré!"

"O ní o kàn máa dùbúlẹ̀."

"Tí mo bá sọ fún yín, ẹ ò ní jẹ́ kí n ṣe é."

Òótọ́ ló sọ. Mo fọwọ́ tẹ orúnkún rẹ̀, mo tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ ni mò ń wò, nítorí ó mọ bí a ṣe ń fi ìrora pa mọ́. Ojú rẹ̀ kò yí padà. Níta, bàbá òkú ṣì ń sunkún, torí kò sí ẹni tó jí kó lè dákẹ́. Ohùn rẹ̀ ti ń há.

"Súwẹ́tà ò ní kúrò lára rẹ," ni mo wí.

"Mọ́mì, òkú kì í wọ súwẹ́tà."

"Eléyìí máa wọ̀ ọ́."

Ìyá àgbà náà, tó ti ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà, ṣí agbòjò lé e lórí, àwọn méjèèjì sì jáde. Pápá dàrú fún ẹ̀rín.

"Òkú ti wọ súwẹ́tà o!"

"Ṣé òtútù wà lọ́run ni?"

Mo rò pé á tún bú sẹ́kún. Ó dúró jẹ́ẹ́ títí ariwo fi rọlẹ̀, ó wá kọjú sí bàbá rẹ̀ inú eré.

"Ẹ rọra sunkún," ló wí. "Mo ń gbọ́ yín."

Ni gbogbo wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í lu àga tó wà lórí wọn.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, mo ń ká ọ̀rá mi, ìyá àgbà náà ní kí n fi sílẹ̀.

"Ohun tí a fi bo òkú, a kì í mú un relé."

"Màmá, ọmọ náà ò kú."

"Ṣé ọ̀rá mọ̀?"

Mo fi sílẹ̀. Ó fún wa ní agbòjò rẹ̀, ó sì júwe ilé rẹ̀. "Kí ọmọ yìí fúnra ẹ̀ mú un wá fún mi."

Ní ọjọ́ kejì, ọrùn ọwọ́ ń ro ó díẹ̀. Mo fún un ní oògùn àti omi púpọ̀, mi ò jẹ́ kó lọ sílé-ìwé. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti fúyẹ́, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ dá agbòjò padà. Èmi náà ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Oòrùn mú, ṣùgbọ́n súwẹ́tà wà nínú báàgì mi.