Ẹni Tó Ń Jí Adéòjó

Ìwó ni wọ́n ti bí Adéòjó, ṣùgbọ́n Lásunwọ̀n ní Ìkòròdú ló háyà ilé sí, Erékùṣù Èkó ló sì ti ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan. Ẹni tó mọ ọ̀nà Ìkòròdú nígbà náà mọ̀ pé bí òṣìṣẹ́ bá dúró kílẹ̀ mọ́ kó tó jáde, ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣètò ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ni yóò tó dé ibi iṣẹ́. Nítorí náà, fún ọdún mẹ́fà gbáko, aago mẹ́rin ìdájí ni Adéòjó ń jí. Àwọn àkùkọ àdúgbò ò jẹ́ kọ mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n gbọ́ ikọ́ rẹ̀.

Fóònù rẹ̀ ló ń jí i. Fóònù ọ̀hún tóbi bíi búrẹ́dì, bó bá sì ké, òkú tó wà ní Ṣàgámù á yíra padà. Lọ́jọ́ kan lọ́dún 2008, ó ń fa omi lọ́wọ́ ni fóònù yọ́ jáde lápò àyà, ó di inú kànga. Ìyàwó rẹ̀, Jọláolúwa, ní kó fọkàn balẹ̀, òun á máa jí i. Kí Jọláolúwa tó rántí pé òun ṣèlérí, ọkọ ti lajú. Aago mẹ́rin géérégé! Kò sí fóònù, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Àyà rẹ̀ ṣáà ń lù kì-kì-kì, àfi bíi pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá a léjìká tó sì fò jáde.

Lọ́jọ́ kìíní, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lọ́jọ́ kejì, ó tún dúpẹ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, tí kò níbi tó ń lọ, tí nǹkan náà tún jí i, ó fi aṣọ bo orí, òógùn sì ń já lára rẹ̀ bí ìgbà tí òrùlé bá ń jò. Ó gbé orí sí ibi tí ẹsẹ̀ máa ń wà. Nǹkan náà tún rí i níbẹ̀. Ó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ.

"Bàbá Tìmílẹ́hìn, kí lẹ ń wá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?" ni ìyàwó rẹ̀ béèrè.

"Bàtà ni mò ń wá."

"Bàtà ọ̀hún lẹ gbórí lé tẹ́ ẹ ń sùn yẹn?"

Ìyá Kúlúsúmù, àgbàlagbà tó wà ní yàrá kejì, ló bá a sọ òdodo ọ̀rọ̀, tàbí ohun tó pè bẹ́ẹ̀. "Bàbá Tìmí, ẹni téèyàn ò rí, tó ń jíni láago kan náà lójoojúmọ́, ọjọ́ ayé ẹni ló ń kà o. Báwo ni bàbá ẹ ṣe kú?"

Adéòjó ṣírò lọ́kàn. Ìdájí ni bàbá rẹ̀ kú, lójú oorun, lọ́mọ ọdún méjìlélógójì. Òun náà ò ní pẹ́ pé méjìlélógójì.

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe, Ìyá?"

"La omi kọjá. Ohun tó ń lépa èèyàn kì í mọ̀wẹ̀."

Adéòjó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó dorí kọ Ejìnrìn, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Morádéyọ̀ ti fẹ́ apẹja. Mọ́tò wà, kò wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ ojú omi ló wọ̀ létí ọ̀sà Ìkòròdú, ó sì ń bojú wẹ̀yìn títí ọrùn fi fẹ́ẹ̀ yí gbirigbiri bíi ti òwìwí.

"Ọ̀gá, ṣé ọlọ́pàá ń bọ̀ lẹ́yìn wa ni?" ni atukọ̀ béèrè.

"Ì bá jẹ́ ọlọ́pàá!"

Ní Ejìnrìn, ó jẹ ẹja, ó rẹ́rìn-ín, ó sùn fọnfọn. Aago mẹ́rin ìdájí géérégé ni ojú rẹ̀ là gbà! Àyà ń lù kì-kì-kì. Igbe tó ké, ẹja inú ọ̀sà fò sókè. Àna rẹ̀ gbé àjẹ̀ ìtukọ̀ yọ láti fi bá ọlọ́ṣà jà.

"Ó wẹ̀, Àǹtí mi! Ó wẹ̀ dé ibí!"

"Ta ló wẹ̀?" ni Morádéyọ̀ béèrè.

"Ẹni tó ń jí mi!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bá a jiyàn. Bílẹ̀ ti mọ́, ó fà á lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ẹ̀pẹ́. Nọ́ọ̀sì Agnes gbọ́ ìtàn náà tán, ó rẹ́rìn-ín títí fìlà orí rẹ̀ fi já bọ́.

"Ẹran kékeré kan wà nínú ọpọlọ yín, lẹ́yìn ojú, kò tó hóró ìrẹsì. Aago ara nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé látojú ló fi ń mọ ọ̀sán yàtọ̀ sóru. Bílẹ̀ bá ṣú, á ní kí ọpọlọ máa sun oje oorun, tí à ń pè ní mẹlatónìn. Bó bá kù díẹ̀ kẹ́ ẹ jí, oje yẹn á máa gbẹ, aago á tún ránṣẹ́ sí ẹran tó wà lórí kíndìnrín pé kó tú oje mìíràn, tí à ń pè ní kọ́tísọ̀, kí ara lè gbaradì. Ọdún mẹ́fà lẹ fi kọ́ ọ ní aago mẹ́rin. Ó ti há a sórí. Ṣé torí fóònù bọ́ sí kànga ló ṣe máa gbàgbé?"

"Ṣé kò sẹ́nì kankan tó ń jí mi ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ń jí ara yín."

Ìdùnnú ò tí ì dé ọrùn Adéòjó tí ẹ̀rù fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó wà níta, èèyàn lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Èyí tó wà nínú orí ńkọ́? "Bàbá mi wá ńkọ́, Nọ́ọ̀sì? Ìdájí ló kú, lójú oorun."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu Agnes. Ó wé aṣọ ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn lápá, ó fún un, ó wò ó. Ó yí i sí apá kejì.

"Ìgbà wo lẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò kẹ́yìn?"

"N ò yẹ̀ ẹ́ wò rí. Mo máa ń jáde kí ilé ìwòsàn tó ṣí, wọ́n á ti tì í kí n tó dé."

"Tiyín ti ru gan-an. Bí aago yẹn bá ń ta ara jí nídàájí, ó máa ń ti ẹ̀jẹ̀ sókè. Ara tó le ò ní mọ̀ ọ́n lára. Ara tí ẹ̀jẹ̀ ti ru tẹ́lẹ̀..." Ó tú aṣọ ẹ̀rọ náà. "Ó lè jẹ́ òun ló pa bàbá yín, ó sì máa ń rìn nínú ìdílé."

"Ṣé n ó kú ni?"

"Bẹ́ ẹ bá ń lo oògùn, ẹ ó dàgbà."

Dókítà wá, òun náà wò ó, ó kọ oògùn. Agnes gbé e lé e lọ́wọ́: "Lẹ́yìn oúnjẹ ni o—" Adéòjó ti dà á sẹ́nu láìlómi. Ó há a lọ́fun, ojú rẹ̀ yọ bíi ti ẹja tútù. Morádéyọ̀ ń gbá a lẹ́yìn, ó ń pariwo omi, omi!

Nígbà tí oògùn lọ tán, Morádéyọ̀ gbé ife omi sílẹ̀. Ó wo àbúrò rẹ̀, ó wo ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì. Bàbá kan náà ló bí àwọn méjèèjì. Ó jókòó pẹ̀lẹ́, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì na apá sí Nọ́ọ̀sì Agnes.